Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà Ohun Àlùmọ́ọ́nì: Ẹ má jẹ́ kí òkúta Òkè-Ògùn bá ọ̀nà kajú wa lọ

Ọlọ́lá Mínísítà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìfaradà. Oníkajú ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí mò ń sá a sóòrùn, tí mò ń rọ ọ́ sínú àpò ìdọ̀họ, tí mo sì ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí Àpápá. Ọ̀rọ̀ kajú kọ́ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé sí yín, àmọ́ mi ò lè sọ èyí tí mo fẹ́ sọ láìgba orí kajú kọjá.

Lọ́jọ́ kan tí kajú ti tán lóko, awakọ̀ tó máa ń bá mi kó ẹrù yà sí ìsọ̀ mi. Ọkọ̀ rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n sì ti fi tapólì bò ó. Mo bi í pé ta ló ní kajú tó tó báyìí lásìkò yìí. Ó ní kì í ṣe kajú, òkúta ni. Apá Kìṣí ni òun ti ń bọ̀, òun gba Ìgbẹ́tì já sọ́dọ̀ wa. Ó mú ẹyọ kan fún mi. Ó funfun, àwọ̀ ewé díẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Tí èèyàn bá fi òòlù kàn án, ńṣe ló ń là gbọọrọ bí igi ìdáná, kì í fọ́ yángá bí òkúta tí a fi ń kọ́lé. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n kajú mi: kílò méjì ó lé díẹ̀. Ó ní lítíọ́mù ló wà nínú rẹ̀, pé Ṣáínà ni wọ́n ń gbé e lọ, pé òun ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ tí kì í mu epo. Mo bi í pé èló ni wọ́n san fún ẹni tó wà á. Kò mọ̀.

Òkúta náà wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ra kajú lọ́wọ́ wa. Àjẹ́ǹtì yóò dé, yóò ki ọwọ́ bọ àpò níbí, yóò ki ọwọ́ bọ ọ̀kan lọ́hùn-ún, yóò bu ìwọ̀nba kóró jọ. Ó ní irin kékeré kan tó fi ń là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kún á lọ sọ́tọ̀, èyí tó rọ á lọ sọ́tọ̀, èyí tó dúdú àti èyí tí kòkòrò ti jẹ á lọ sọ́tọ̀. Á wọn èyí tó dára, á ṣírò, á sì dá iye lé e. Iye yẹn kì í ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Fiẹtnám àti Íńdíà ló ti ń wá, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa kajú. Fiẹtnám ló ń ta kajú pípa jù lọ ní gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ nínú kóró tí wọ́n ń pa ti ń wá. Iṣẹ́ tó le ni ìpa kajú, epo inú èèpo rẹ̀ a máa jó èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ tó le yẹn ni owó wà, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì ń wọ̀. Lọ́dún tí wọ́n bá ní ọjà kò lọ lọ́dọ̀ àwọn, àgbẹ̀ ìlú wa á kàn wo kóró rẹ̀ nílẹ̀ ni.

Nígbà tí awakọ̀ yẹn lọ tán, mo ní kí ọmọ àbúrò mi tó ka ẹ̀kọ́ kẹ́míkà ní LAUTECH wá ṣàlàyé òkúta yìí fún mi. Ó ní kódà bí ó bá mọ́ láìlábùlà, ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀, ìyẹn lítíọ́mù tó ṣì so mọ́ ọ́síjìn, kì í ju nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà àgbáyé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tí wọ́n sì ti yọ ìdọ̀tí rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 6 lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan án nínú iná tó gbóná ju ìwọ̀n 1,000°C lọ, kí ó tó lè gba ásíìdì sára. Wọ́n á fi ásíìdì sè é, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sẹ́ ẹ, títí yóò fi di ìyẹ̀fun funfun. Ìyẹ̀fun yẹn ni àwọn tó ń ṣe bátìrì ń rà. Nínú bátìrì odidi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, lítíọ́mù náà gan-an kò ju nǹkan bíi kílò 8 lọ. Ẹ wá wo tírélà tó kún fún òkúta tútù tó ń gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá: pàǹtí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù yẹn, àwa la sì ń san dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń gbé pàǹtí náà dé etíkun. Bó ṣe di wí pé ilé ayé tún ọ̀nà òkúta yìí tò láìbi wá ni mo wá fẹ́ sọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó ní ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná mànàmáná tuntun lè rí ìdínkù owó orí tó tó 7,500 dọ́là. Ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ ibi tí wọ́n ti to ọkọ̀ náà, wọ́n sì ní iye kan pàtó nínú òkúta inú bátìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wá, tàbí ti orílẹ̀-èdè tó bá a ní àdéhùn òwò. Ìdínkù yẹn parí ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àmọ́ kí ó tó parí, ó ti mú kí àwọn oníbátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tuntun kiri. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Amẹ́ríkà tún gbé owó ibodè orí ọkọ̀ oníná láti Ṣáínà kúrò ní ìdá 25 lọ sí ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Kánádà ṣe irú rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Kí oṣù kẹwàá yẹn tó parí, àwọn ará Yúróòpù náà ti fi tiwọn lé e, tó tó ìdá 35.3 fún àwọn iléeṣẹ́ kan, lórí ìdá 10 tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ni Ṣáínà ṣe? Ohun tí gbogbo ọlọ́jà tí wọ́n bá dínà mọ́ máa ń ṣe ni: ó wá ìsọ̀ sínú ọjà náà. BYD, iléeṣẹ́ Ṣáínà kan tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, gba Szeged lọ ní Họ́ngárì láti kọ́ iléeṣẹ́ sínú Yúróòpù. Ní Bràsíl, tí ìjọba ti ń gbé owó ibodè ọkọ̀ oníná sókè díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tó ìdá 35 ní oṣù keje ọdún 2026, BYD kan náà wọ Camaçari, ó gba ilẹ̀ tí Ford ti ń to ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Owó ibodè ló kọ́ àwọn iléeṣẹ́ yìí, Ọlọ́lá. Ìwé tí ẹnì kan fọwọ́ sí lórí àga ló gbé iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn.

Ṣáínà náà ní ọ̀bẹ tirẹ̀. Ó lé ní ìdajì lítíọ́mù gbogbo ayé tí wọ́n ń sọ di ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ wọn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bátìrì onílítíọ́mù ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023, kò sí ẹni tó lè kó gíráfáìtì, ohun dúdú bí èédú tí wọ́n ń fi sínú bátìrì, jáde ní Ṣáínà láìgba ìwé àṣẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún fi àwọn irin kan tí wọ́n fi ń ṣe mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ ọkọ̀ kún un. Kò pé oṣù méjì tí Ford fi ní láti dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ ní iléeṣẹ́ rẹ̀ kan ní Chicago. Mágínẹ́ẹ̀tì ni, ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré! Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé mi pé ẹni tó bá di ojú kan ṣoṣo mú lójú ọ̀nà ẹrù lè dá gbogbo ọjà dúró.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Mòrókò, torí ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni wọ́n. Fọ́sífétì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, ni tiwọn, kì í ṣe lítíọ́mù. Ṣùgbọ́n àdéhùn òwò wà láàárín àwọn àti Amẹ́ríkà láti ọdún 2006, ó sì tún wà láàárín àwọn àti Yúróòpù. Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà jáde, tí gbogbo èèyàn ń wá orílẹ̀-èdè tó ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, Gotion ti Ṣáínà gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. Lọ́dún 2024 wọ́n fẹnu kò sí iléeṣẹ́ bátìrì kan ní Kenitra tí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Ibi tí ìwé bá ti tò ni iléeṣẹ́ ń lọ. Àwa tí òkúta wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní Kìṣí, Kòmú àti káàkiri Òkè-Ògùn, tírélà là ń wò.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti rí i. Ẹ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ ìwakùsà gbọ́dọ̀ fi ètò tó ní láti sọ òkúta náà di ohun tó níye lórí hàn. Mo yìn yín fún un tọkàntọkàn. Nasarawa ti ń rí iléeṣẹ́ gbà. Àmọ́ tírélà tí mo rí kò wá láti Nasarawa, òkúta tútù ló sì kó.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ìjọba kàn fòfin dè é lọ́la, kí òkúta má jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí, torí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí tó ti tírélà.

Kùmásì ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ ni ìyá mi ń tà níbẹ̀, bíi ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, Ọlọ́lá. Ìyá mi ta èyí tó lè tà ní owó tí ẹni tó ń rà á fẹ́, ó gbé ohun tí orí lè rù, ó fi ìsọ̀ àti gbogbo gbèsè tó wà níta sílẹ̀. Títí ó fi di arúgbó ló mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ra àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́. Ó máa ń kà wọ́n lálẹ́. Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ òfin òjijì nípa òwò, ara mi kì í gbà á.

Irú rẹ̀ tún ṣojú wa láìpẹ́. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí tútù jáde fún oṣù mẹ́fà, lójú ẹsẹ̀. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀, torí èso òrí ilẹ̀ wa tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ owó tó ń wọlé fún wa níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òfin dé kí ẹ̀rọ ìfúntí tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra òrí lápá Ṣakí sọ fún mi pé àwọn obìnrin tó ń jí lọ ṣà á nínú igbó ni iye owó kọ́kọ́ já lulẹ̀ lé lórí. Àwọn ni òfin náà ní òun fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo bí orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣe ṣe ti kajú. Wọ́n kọ́kọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Glo-Djigbé, wọ́n fi iná àti ọ̀nà síbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ tó ń pa kajú wọlé. Wọ́n kéde ọjọ́ náà fún gbogbo ayé, ó lé ní ọdún kan ṣáájú. Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún 2024 pé, wọ́n ti ibodè pa fún kóró tútù. Bí mo ṣe jẹ́ ọlọ́jà tí òfin yẹn lè pa lára, mo gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa: ilé ìdáná kọ́kọ́ wà, kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣu tútù jáde.

Indonéṣíà náà ti òkúta níkẹ̀lì tútù, irin kan tí wọ́n ń lò nínú bátìrì, mọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Yúróòpù pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, wọ́n sì dá Indonéṣíà lẹ́bi ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn ò sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ níkẹ̀lì rọ́ wọ̀lú wọn. Ó jẹ́ àṣeyọrí, àmọ́ àwọn ará Ṣáínà ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn iléeṣẹ́ náà, èédú ni wọ́n ń jó láti fún wọn ní iná, àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì ń sunkún omi àti ẹja wọn. Bákan náà, Sìmbábúè fòfin de òkúta lítíọ́mù tútù ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Lọ́dún 2025 ni wọ́n wá kéde pé láti oṣù kìíní ọdún 2027, èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì yọ ìdọ̀tí rẹ̀ pàápàá kò ní jáde mọ́, àfi kí wọ́n sè é débi tó yẹ. Ìkéde yẹn fi àkókò sílẹ̀ kí oníṣẹ́ lè múra.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ńlá pọ́n òkúta yìí fún yín. Ní ìparí ọdún 2022, tọ́ọ̀nù kan ìyẹ̀fun lítíọ́mù tó nǹkan bí 600,000 yúànù ní Ṣáínà. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, ó ti wó dé nǹkan bí 100,000. Mo mọ irú ọdún bẹ́ẹ̀ nínú kajú. Ẹni tó ń ta tútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ já sílẹ̀, torí kò sí ohun mìíràn tó lè fi ọjà rẹ̀ ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò gbọ́ kí àwọn èèyàn wa máa sọ. Láti oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é yóò sì ní láti wádìí ibi tí òkúta rẹ̀ ti wá, bóyá ọmọdé ló wà á, bóyá wọ́n ba omi abúlé jẹ́. Òkúta orí tábìlì mi yìí kò ní ìwé kankan. Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́nu ihò, kò sí orúkọ abúlé lára rẹ̀. Tí ó bá dé Ṣáínà, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn, orúkọ wa á sì sọnù. Lọ́jọ́ tí àwọn olówó bá wá ń wá òkúta tó ní ìwé, a ò ní lè sọ pé tiwa ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi òṣùwọ̀n. Kí òṣùwọ̀n wà ní Kìṣí, kí ó wà ní Kòmú, ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń wa òkúta yìí ní Òkè-Ògùn. Kí ẹni tó wà á gba rìsíìtì: kílò báyìí, ọjọ́ báyìí, abúlé báyìí, owó báyìí. Kajú tí kò níyì tó lítíọ́mù, a kì í gbé àpò rẹ̀ kan láìwọ̀n. Mo mọ̀ pé Ìwé Òfin fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀, ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín nìyẹn dípò kí n kọ ọ́ sí gómìnà wa ní Ìbàdàn.

Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí àdéhùn ìdàgbàsókè wà láàárín ẹni tó ń wakùsà àti ìlú tó gbà á lálejò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n kọ àdéhùn náà ní Yorùbá fún àwọn ìlú wa, kí wọ́n sì kà á sókè láàfin ọba níwájú àwọn obìnrin ọjà àti àwọn ọ̀dọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì. Kí ohun tí wọ́n bá ṣèlérí nípa omi wà nínú rẹ̀, torí ibi tí ásíìdì bá ti ń ṣiṣẹ́, odò ló máa ń kọ́kọ́ jìyà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ dá ọjọ́ kan tí òkúta tútù kò ní jáde mọ́, kí ọjọ́ náà jìnnà tó fún ẹni tó fẹ́ múra, kí gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n. Láàárín àkókò yẹn, kí iná mànàmáná tó ṣe é gbára lé dé ibi kan ṣoṣo níhìn-ín, yálà lápá Ṣakí tàbí lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọ̀nà ti pàdé, kí wọ́n kọ́kọ́ máa lọ òkúta náà kí wọ́n sì máa yọ pàǹtí rẹ̀. Mi ò béèrè iléeṣẹ́ tó ń to ọkọ̀. Kí pàǹtí kàn ṣíwọ́ gígun tírélà lọ Èkó ná. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní LAUTECH mọ iṣẹ́ yẹn nínú ìwé, iná ni wọn ò rí.

Tí ẹ bá máa rán ẹnikẹ́ni wá, kí ó wá lóṣù kejì tí kajú bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, gbogbo wa la máa ń wà lọ́jà nígbà náà. Kí ó béèrè ìsọ̀ àwọn oníkajú. Màá gbé òkúta yìí lé òṣùwọ̀n lójú rẹ̀, màá sì bi í ní ìbéèrè tí awakọ̀ yẹn kò lè dáhùn: èló ni wọ́n san fún ẹni tó wà á?

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Ìyá oníkajú kan,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.